Bí ìka kékeré bá ń kú, ẹ má pè é ní làkúrègbé lásán o!

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kò kan òṣèlú, kò sì kan òṣèré tó kọ ọkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìka ni. Ìka kékeré tó wà níkángun ọwọ́ yín yẹn, èyí táwọn àgbà ń pè ní ọmọńdinrín, àti ìkejì ẹ̀ tí wọ́n ń fi òrùka ìgbéyàwó sí. Táwọn méjèèjì yìí bá ti ń kú mọ́ yín lọ́wọ́, tó ń ṣe yín bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ kà á dópin.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ni pé ọwọ́ ni gbogbo wa fi ń jẹun ládùúgbò yìí. Láti Wharf Road títí dé Tin Can, láti Boundary títí dé Tolu, kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ kì í ṣe ọjà ẹ̀. Dírẹ́bà tírélà ni o, télọ̀ ni o, wẹ́dà ni o, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni o, ejẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù ni o, tí ọwọ́ bá kọṣẹ́, ilé ò ní jẹun. Wọ́n ní ìka ò dọ́gba, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ di òòlù mú láìlo ìka méjì tó kángun yẹn, ẹ máa rí i pé òòlù náà ò ní pẹ́ já bọ́. Èyí tá a rò pé ó kéré jù, òun gan-an ló di agbára ọwọ́ mú.

Ohun tó ń dùn mí ni bá a ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, a máa ní làkúrègbé ni, a máa lọ ra àgbo. Kò lọ, a máa lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́gbòogi òyìnbó tó wà lẹ́bàá títì, òun náà á gún wa lábẹ́rẹ́ fítámì. Kò lọ síbẹ̀, ẹnì kan á ní ayé ló ń ta á, ni wọ́n bá máa fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí ìgbúnwọ́. Nígbà tí ọdún kan bá fi yípo, ẹran ẹ̀yìn ọwọ́ ti jìn kòtò, ìka ti ká bí èékánná àṣá. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ọ̀nà ọsibítù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ohun tá a ń pè ní iṣan nílẹ̀ yìí, oríṣi mẹ́ta ni. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wà, iṣan tó so ẹran mọ́ egungun wà, èyí tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà wà. Ẹ̀kẹta yìí ló dà bíi wáyà iná, òun là ń sọ. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní ulnar, ti ọrùn wá, ó gba abíyá kọjá, ó wá fẹ̀yìn egungun tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ inú ìgbúnwọ́ ṣe ọ̀nà, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹwọ́. Níbi ìgbúnwọ́ yẹn, awọ ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó, egungun ló sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi ìgbúnwọ́ gbá ilẹ̀kùn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé iná gbé yín títí dé ìka kékeré. Kì í ṣe egungun ló ń dùn yín nígbà yẹn, wáyà yẹn lẹ gbá.

Ihò tóóró kan ni wáyà náà ń gbà kọjá. Okùn ara kan tó le ló ṣe òrùlé ihò ọ̀hún. Dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Geoffrey Osborne kọ̀wé lórí okùn yìí lọ́dún 1957, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Téèyàn bá ti ká ìgbúnwọ́, okùn náà á le, ihò á fún, wáyà á sì nà tantan. Téèyàn bá wá gbé ìgbúnwọ́ tó ká yẹn lé nǹkan tó le, ìyà di méjì nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ wá wo iṣẹ́ wa. Dírẹ́bà tírélà gbé ìgbúnwọ́ lé fèrèsé ọkọ̀ láti Mile 2 títí dé ẹnu géètì pọ́ọ̀tù. Kí ìjọba tó gbé ètò ìpe-ọkọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sọ ní Ètò jáde lóṣù kejì ọdún 2021, àwọn tó ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sun inú ọkọ̀ lójú títì Àpápá pọ̀ lọ jàra, apá tiwọn náà sì ni wọ́n ń ká sábẹ́ orí bí ìrọ̀rí. Ejẹ́ńtì di fóònù mọ́ etí látàárọ̀ dalẹ́, ìgbúnwọ́ ẹ̀ ò nà rárá. Télọ̀ fi ìgbúnwọ́ ti tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, akọ̀wé ọ́fíìsì fi tiẹ̀ ti tábìlì, ó tún fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ń tẹ ohunkóhun pa.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àìsàn yìí ń gbà wọlé, ó sì kan àwọn òbí gan-an. Ọmọ á já bọ́ lórí pápá bọ́ọ̀lù, egungun ìgbúnwọ́ á dá, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Egungun á jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ á wọ́, á yà síta. Ọmọ á dàgbà, á kọ́ṣẹ́, á gbéyàwó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nítorí pé láti ìgbà ọmọdé ni wáyà yẹn ti ń nà lórí egungun tó wọ́. N ò bú àwọn teguntegun o, egungun tí wọ́n ti tò tó sì gún kò níye. Ṣùgbọ́n ìgbúnwọ́ ọmọdé kì í ṣe ohun tá a ń fọwọ́ fà láìkọ́kọ́ ya fọ́tò X-ray ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ọwọ́ tó bá kú ló jẹ́ ẹjọ́ ìgbúnwọ́. Tó bá jẹ́ àtàǹpàkò, ìka tá a fi ń júwe àti ìka àárín ló ń kú, pàápàá lóru, ọrùn ọwọ́ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Tí ìrora bá ń ti ọrùn wá bọ́ sí apá, ọrùn lọ̀rọ̀ kàn. Tó bá jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ ń kú, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Tó bá sì jẹ́ pé lójijì ni apá kan rọ, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ẹ má dúró ka ìwé ìròyìn kankan, ọsibítù ni kẹ́ ẹ máa sáré lọ.

Ọ̀kan tún wà táwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀, ìyẹn ẹ̀tẹ̀. Nínú gbogbo wáyà tí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ń bà jẹ́, ti ìgbúnwọ́ yìí wà lára èyí tó ń kọ́kọ́ dojú kọ. Lóòótọ́, ọdún 1998 ni Nàìjíríà bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀, ìyẹn aláìsàn tí kò tó ẹyọ kan láàárín 10,000 èèyàn. Àmọ́ wọ́n ṣì ń rí aláìsàn tuntun lọ́dọọdún. Tí ojú ara kan bá ṣá, tàbí tó pọ́n, tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni wọ́n ń lò ó, ó sì ń jinná.

Ẹ lè dán ara yín wò nílé. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ẹ̀gbẹ́ ìka ìjúwe di bébà mú, kí ẹlòmíì máa fà á. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni oríkèé orí àtàǹpàkò ń tẹ̀ kó tó lè di bébà náà mú, agbára ti ń lọ nìyẹn. Ìdánwò yìí ti wà láti ọdún 1915, dókítà ọmọ Faransé kan, Jules Froment, ló gbé e jáde lásìkò ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ẹ tún ká ìgbúnwọ́ pátápátá fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìka méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìjúwe lẹ́yìn ọwọ́. Tí ti ọwọ́ kan bá ti jìn ju ti èkejì lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Ọsibítù náà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń gbé iṣẹ́ tá a rán an, iná díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa fi kàn yín lápá. Kì í pa èèyàn.

Tó bá jẹ́ pé ìka kàn ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí agbára ò tíì dín, abẹ kọ́ ló kàn. Ẹ ká táwẹ́lì, kẹ́ ẹ fi wé ìgbúnwọ́ lálẹ́ kẹ́ ẹ sì fi okùn jẹ́jẹ́ dì í, kó má baà ká téèyàn bá sùn lọ. Ẹ gbé ìgbúnwọ́ kúrò lórí fèrèsé ọkọ̀. Ẹ ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí dípò kẹ́ ẹ máa di fóònù mú. Ẹ fi tìmùtìmù kékeré sórí tábìlì iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé láàárín oṣù mélòó kan, ara á tù wọ́n. Fítámì ò lè tú ohun tí okùn fún pa, ẹ má fowó ṣòfò. Ẹ má sì fi omi gbígbóná jó ọwọ́ tí kò mọ nǹkan lára, ẹ lè bó láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n tí ìka bá ń kú láìdáwọ́ dúró, tí agbára ń dín, tàbí tí ẹran ọwọ́ ti ń jìn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, torí pé iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe oríṣi kan, bí oríṣi kọ̀ọ̀kan sì ṣe máa pẹ́ mú èèyàn jókòó sílé yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe fún òun kó tó gorí bẹ́ẹ̀dì.

Àkọ́kọ́, èyí tó rọrùn jù, ni kí wọ́n kàn tú okùn náà. Wọ́n máa la awọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ inú ìgbúnwọ́, wọ́n á gé òrùlé ihò yẹn, wọ́n á tú ohun gbogbo tó fún wáyà náà lọ́rùn, wọ́n á sì fi wáyà sílẹ̀ síbi tó wà. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ pa apá nìkan kú, kéèyàn sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, èèyàn á ti máa ká ọwọ́ á sì máa nà án. Iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹrù wúwo á dúró díẹ̀ sí i. Àwọn ọsibítù mìíràn tún ń fi kámẹ́rà tín-ín-rín ṣe é kí ojú ọgbẹ́ má baà gùn.

Èkejì ni kí wọ́n gbé wáyà náà kúrò lẹ́yìn egungun wá sí iwájú, kó má baà máa nà mọ́ téèyàn bá ká ọwọ́. Kì í ṣe ohun tuntun, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Benjamin Curtis, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1898. Wọ́n lè tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rá awọ, wọ́n sì lè gbé e sábẹ́ ẹran apá, bí James Learmonth ṣe júwe ẹ̀ lọ́dún 1942. Èyí tó wọ abẹ́ ẹran yìí ló tóbi jù, torí wọ́n máa já ẹran kúrò lára egungun, wọ́n á tún rán an padà. Apá á wà nínú báńdéèjì líle fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹni tó ń gbé ẹrù sì lè tó oṣù mẹ́ta kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára egungun tó yọ síta yẹn, kí wáyà lè rọ́nà yọ́ kọjá. King àti Morgan ló kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1950. Ó wúlò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé e jù, oríkèé lè máa mì, ojú egungun náà sì lè máa dunni fún ìgbà pípẹ́.

Èwo wá ló dáa jù? Èèyàn á rò pé èyí tó tóbi jù, tó sì wọ́n jù, ló máa dáa jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Cochrane kó àwọn ìwádìí tó fi aláìsàn wé aláìsàn jọ lọ́dún 2016, ohun tí wọ́n rí ni pé títú okùn lásán àti gbígbé wáyà wá síwájú, bákan náà ni wọ́n ṣe ń wo èèyàn sàn. Àmọ́ ọgbẹ́ àwọn tí wọ́n gbé wáyà wọn síwájú ló máa ń kẹ̀ jù. Ìdí ò le: bí wọ́n bá ṣe tú nǹkan tó nínú ara, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé ṣe ń pọ̀ tó.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ máa bá dókítà jà o. Àwọn kan wà tí títú okùn nìkan ò ní tó fún. Ẹni tí wáyà ẹ̀ ń fò sórí egungun nígbàkígbà tó bá ká ọwọ́. Ẹni tí ìgbúnwọ́ ẹ̀ ti wọ́ láti kékeré, irú àwọn tí mo sọ lókè. Ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ fún tí kò gbà. Fún àwọn yìí, gbígbé wáyà síwájú lè jẹ́ ojúlówó ìtọ́jú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí dókítà ṣàlàyé ìdí tó fi yan èyí tó yàn.

Kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò ní ewu tiẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan wà lábẹ́ awọ ibẹ̀ tó ń mú kí inú apá mọ nǹkan lára. Tí abẹ bá kàn án, ojú àpá lè máa ta tàbí kó kú. Ọgbẹ́ lè kẹ̀. Ìgbà mìíràn, okùn tuntun á tún hù láti inú àpá, á tún fún wáyà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ mú un balẹ̀ kó tó ṣe é, ẹni tó ń fa sìgá náà gbọ́dọ̀ jáwọ́, torí ọgbẹ́ wọn kì í tètè jinná.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì ju irú iṣẹ́ abẹ lọ ni àsìkò. Wáyà tó bá bàjẹ́ ń hù padà, àmọ́ bí ìgbín ló ń rìn, nǹkan bíi mìlímítà kan lójúmọ́. Láti ìgbúnwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sí mìlímítà 300. Ẹ ṣírò ẹ̀, 300 ọjọ́ nìyẹn, oṣù mẹ́wàá gbáko. Bẹ́ẹ̀ ẹran ọwọ́ tí kò bá rí iná gbà fún ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, ó ṣòro kó tó jí padà. Ẹni tó bá lọ nígbà tí ìka ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú láìdáwọ́ dúró, wáyà ẹ̀ á dé kí ẹran tó kú. Ẹni tó bá fi ọdún kan jẹ àgbo kó tó lọ, wáyà á dé bá òkú. Iṣẹ́ abẹ lè dá àìsàn yẹn dúró fún un kó má baà burú sí i, àmọ́ kò ní dá gbogbo ohun tó lọ padà.

Síbẹ̀, ẹni tí ìka ẹ̀ ti ká kò gbọ́dọ̀ sọ̀rètí nù. Ní Vellore nílẹ̀ Íńdíà, nígbà tí ọdún 1940 sí 1949 ń parí lọ, dókítà Paul Brand bẹ̀rẹ̀ sí í yá iṣan tó so ẹran mọ́ egungun láti apá kan fún ìka àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ti ká lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún padà di irinṣẹ́ mú. Wọ́n ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí kárí ayé fún ẹnikẹ́ni tí wáyà ulnar ẹ̀ ti kú. Kì í dá ìmọ̀lára padà, ṣùgbọ́n ó ń dá ìlò ọwọ́ padà.

Ibo lẹ máa gbà? Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ta ilẹ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí, bíi Ajeromi General Hospital ní Ajégúnlẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ bá onímọ̀ egungun tàbí onímọ̀ ọwọ́. Ọsibítù àwọn eléegun ní Ìgbóbì ti wà láti ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún. LUTH ní Ìdí-Àràbà náà wà ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń san owó ètò Ìlera Èkó, ẹ béèrè ohun tó bò àti ohun tí kò bò kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Tẹ́ ẹ bá sì dé iwájú dókítà, ẹ má kàn máa mi orí bí alángbá. Ẹ béèrè pé: Dókítà, ṣé ó dá yín lójú pé ìgbúnwọ́ ni, kì í ṣe ọrùn? Ṣé títú okùn nìkan lẹ fẹ́ ṣe, àbí ẹ máa gbé wáyà kúrò níbi tó wà, kí sì nìdí? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mi ò ní lè wakọ̀, mélòó ni mi ò ní lè gbé ẹrù? Èló ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, títí kan oògùn àti físíò? Tí mo bá sún un síwájú di ìparí ọdún, kí ni mo máa pàdánù? Dókítà tó mọṣẹ́ ò ní bínú sírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ á dùn pé ẹni tí òun ń tọ́jú lajú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní níbo làwọn ti fẹ́ rí ọ̀sẹ̀ méjì láti fi jókòó sílé, nígbà tí owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ ń bẹ lọ́rùn. Òótọ́ ni, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀sẹ̀ méjì sórí òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ tí kò ní lè di sísọ́ọ̀sì, àgánrándì tàbí sítíárín mú mọ́ títí láé sí ìkejì. Kò sẹ́ni tí ẹ máa bi kó tó mọ èyí tó wúwo. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Alẹ́ òní lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀: ẹ na ìgbúnwọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó sùn. Tí ìka ò bá sì jí, ẹ jí lọ sọ́sibítù lọ́la. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.